Omi Bátìrì Tí Mo Dà Sínú Àgbá Matthias

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí sí Ṣàngbáfọ́ káàkiri Sabon Tasha ní Kaduna níbí, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń fọwọ́ bo ẹnu, torí láti ìgbà tí mo ti ń ṣeré fún yín, mi ò sọ ohun kan rí tí kò ní ẹ̀rín nídìí. Ti òní yàtọ̀. Lọ́la, ọjọ́ Ajé, dókítà máa fi ọ̀bẹ kan ọ̀nà ọ̀fun mi, ó sì ti sọ fún mi pé bí mo bá jí, ó ṣeé ṣe kí ohùn mi má jí pẹ̀lú mi. Egungun kan wà lọ́fun yìí tí dókítà ò lè rí, ó ti há síbẹ̀ láti ọdún 2012. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ síta. Matthias kì í ṣe èké. Èmi ni èké. Ẹ jókòó dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe mí, kí ẹ má baà rò pé mo kàn jí lọ́jọ́ kan ni mo di ìkà. Ní ìkórè ọdún 2009, mo ṣeré bàbá kan tó gbàdúrà títí oúnjẹ fi jóná lórí iná. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, àfi Matthias. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ àgbà ni Matthias nígbà náà, ọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò aró nílé iṣẹ́ aṣọ kó tó kógbá sílé, ojú rẹ̀ sì máa ń le bí ẹni tó ń ka ìwé ilé ẹjọ́. Ó dìde nínú ìpàdé, ó ní mo ń fi àwọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, kí n má ṣe gun orí ìtàgé fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n fọwọ́ sí i. Ìyá mi ní Ungwan Boro kò tíì rí eré mi rí. Ó ti rán aṣọ tó máa wọ̀ wá wò mí nígbà tí ọdún mẹ́ta náà bá pé. Aṣọ yẹn la fi sin ín, kò tíì pé ọdún méjì. Níbi sàréè ni mo ti sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n pé, Matthias, ìwọ náà á dúró níwájú èrò, ojú á sì tì ẹ́.

Ta ló wá gbà mí síṣẹ́ nígbà tí ebi fẹ́ pa mí? Matthias kan náà ni. Ó ti dá ilé aró sílẹ̀ ní Trikania, ó ń pa òwú láró fún àwọn ahunṣọ. Ó ní eré mi lòun ò fẹ́, pé òun ò kórìíra mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, inú mi ń hó bí ìkòkò aró. Omi pupa tó ń jáde nílé aró yìí ń ṣàn lọ sínú odò kékeré tí Hàwáwù fi ń bomi rin alayyahu, ẹ̀fọ́ tí ìdajì àdúgbò ń jẹ. Kaduna ni wọ́n bí Hàwáwù sí, Yorùbá ló fi ń kí ni, Hausa ló fi ń bínú. Lọ́jọ́ kan ó gbé ẹ̀fọ́ tó ti gba àwọ̀ aró lọ síwájú Mai Unguwa, olórí àdúgbò. Ó ní, "Haba, ṣé ẹ̀fọ́ ni mo gbìn ni àbí àǹkárá?" Mai Unguwa fún Matthias ní oṣù méjì, kó fọ omi rẹ̀ mọ́ tàbí kó ti ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin náà gbọ́n, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn wẹ́dà, ó kó ẹrẹ̀ funfun kábáìdì tí wọ́n ń dà sí gọ́tà nígbà tí gáàsì inú rẹ̀ bá tán, tó ń rùn bí aáyù. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fá irin, ó gbá èérún irin nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn. Ó ní ohun tí ẹnì kan dà nù ló máa fọ ohun tí ẹlòmíràn dà nù. Èérún irin á kọ́kọ́ sùn mọ́jú nínú àgbá omi aró, ẹrẹ̀ kábáìdì á tẹ̀ lé e, ìdọ̀tí á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Kí n má purọ́, nígbà tí a dán an wò, omi tó pupa kàn di omi pupa tó ṣá díẹ̀ ni. Ó wá kìlọ̀ fún mi: "Ọlọ́runtọ́ba, má jẹ́ kí ásíìdì kan ẹrẹ̀ yìí o. Tó bá kàn án, agbára rẹ̀ tán." Ẹnu ara rẹ̀ ló fi kọ́ ọ̀tá rẹ̀ ní ibi tí yóò ti gún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tó máa fi iṣẹ́ náà han Mai Unguwa, Matthias lọ síbi ìdánrawò akọrin. Mo gba gálọ́ọ̀nù omi bátìrì àlòkù lọ́wọ́ Abdulkareem tó ń ṣáàjì bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo ní mo fẹ́ fi fọ ṣáláńgá ni. Mo da gbogbo rẹ̀ sórí èérún irin nínú àgbá. Ó hó, ó ń sọ ṣìì bí ejò, díẹ̀ ta sí ṣòkòtò mi. Mo ń kọrin lọ ní tèmi. Mi ò ro ti odò, mi ò ro ti ẹ̀fọ́, ojú Matthias nìkan ni mo ń rò.

Ilẹ̀ mọ́, èrò pé, Mai Unguwa, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó, àwọn àgbà ìjọ. Matthias da ẹrẹ̀ kábáìdì sí i, ó fi igi rò ó. Mo dúró níwájú pátápátá kí n lè rí i dáadáa. Ẹ̀yin èèyàn mi, omi náà dúdú, ó di àwọ̀ ewé, ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sísàlẹ̀, nígbà tó fi máa tó ìdajì wákàtí omi òkè mọ́ débi pé mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀, ẹnu mi là sílẹ̀ bí ẹja inú agbọ̀n. Ásíìdì ti jẹ irin náà, ohun tí wọ́n jọ bí ni ọgbọ́n Matthias ti ń wá kiri. Mo gbé kùmọ̀ láti fọ́ orí ọ̀tá, kùmọ̀ di ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mai Unguwa ní kí wọ́n fi omi náà bomi rin ebè Hàwáwù lójú gbogbo ayé. Àwọn àgbà ní kí ẹnì kan lé orin ọpẹ́. Wọ́n nawọ́ sí mi. Mo lé e.

Ẹ má tíì káàánú mi, torí ẹ̀san tó dùn ju èyí tí mo pète lọ ṣì ń bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí Matthias tún un ṣe fún àwọn aláró mìíràn. Kò sí omi bátìrì níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Pupa wọlé, pupa jáde. Ó tún un ṣe, pupa. Ó ń wọn irin, ó ń wọn ẹrẹ̀, ó rù, ó ń bi mí ohun tí a ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a ò ṣe mọ́. Mo ní bóyá àdúrà ni kò tó, sà. Mo pa àṣírí náà mọ́ sẹ́nu, mo ń lá a bí súìtì. Ní àdúgbò, wọ́n ń sọ pé omi inú ọ̀rá ló fi pààrọ̀ omi aró lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo tún ti purọ́. Èmi ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ wà níbẹ̀. Ní ìkórè ọdún yẹn, ọdún mẹ́ta mi ti pé. Mo gun orí ìtàgé yìí pẹ̀lú irú gíláàsì Matthias lójú, ikọ́ rẹ̀ lọ́fun, ìrìn rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo fi aṣọ bo korobá omi pupa, mo gbàdúrà gígùn, mo sì fẹsẹ̀ fa korobá omi ẹ̀rọ jáde lábẹ́ tábìlì. Ìyá kan ṣubú lórí àga nítorí ẹ̀rín. Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ Matthias, sunkún jáde. Bàbá rẹ̀ jókòó níwájú, níbi tó máa ń jókòó sí. Ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín sí mi rí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì nu ojú. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀san mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í korò lẹ́nu. Mai Unguwa ti ilé aró náà. Matthias kó lọ sí Ìlọrin, ibẹ̀ ló kú sí, orúkọ tí ẹ sì fi ń pè é títí di òní ni Olómi-Ọ̀rá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Harriet ìyàwó rẹ̀ wọ ilé mi. Mo rò pé ó wá kí aláìsàn ni. Kó tó jókòó tán, mo ti jẹ́wọ́ fún un. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní kí ìkórè yẹn tó dé ni ọkọ òun ti rí ihò tí ásíìdì jẹ sí ṣòkòtò mi, ó lọ bi Abdulkareem, ó sì dán an wò lẹ́yìnkùlé nínú ike kékeré kan. Omi náà mọ́. Harriet ní kó sáré lọ pe Mai Unguwa wá wò ó. Matthias kò lọ. Ilé Hàwáwù ló lọ, ó ra gbogbo ebè tí wọ́n bu omi ọjọ́ àkọ́kọ́ sí, ó fa ẹ̀fọ́ orí wọn tu. Ẹ rántí, gbogbo wa là ń sọ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó sì ti pẹ́ jù, a ti jẹ nínú ẹ̀fọ́ náà. Èmi fúnra mi jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo tún ní kí wọ́n fi ata sí i.

Harriet ní, "Ó ní òjé wà nínú omi bátìrì. Omi á mọ́ lójú, á máa pa ọmọ tó bá jẹ ẹ̀fọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí ẹ kúkú máa pe òun ní èké ju kí ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ."

Mo bi í pé, "Ìyá Moyọ̀, kí ló dé tí wọn ò fi dárúkọ mi?"

"Ó ní òun gba orí ìtàgé lọ́wọ́ rẹ, ìyá rẹ sì kú kó tó rí ọ níbẹ̀. Ó ní òun ò ní gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Alẹ́ ọjọ́ ìkórè yẹn, ohun tó sọ fún mi ni pé o mú ìrìn òun dáadáa."

Mo bú sẹ́kún. Mo ń dúpẹ́ pé ó ti dárí jì mí.

"Òun ló dárí jì ẹ́. Èmi kọ́. Ìgbà tí mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ la ọ̀fun rẹ ni mo wọ ọkọ̀. Ẹnu tí o fi pa orúkọ rẹ̀ ni yóò jí i, kó tó dákẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò ní sọ pé kí ẹ má bínú, torí èmi náà ṣì ń bínú nítorí ìyá mi. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó da ẹ̀san yín sínú àgbá, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń bomi rin ẹ̀fọ́ nísàlẹ̀ odò. Ẹ̀yin àgbà, ẹ foríjì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ṣòkòtò náà nìyí, mo wọ̀ ọ́ wá, ẹ wo ihò rẹ̀. Harriet nìyẹn níwájú, lórí àga ọkọ rẹ̀, ó ní òun ò ní dìde títí ẹ ó fi pe ọkùnrin náà ní orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un. Èmi ni mo kọ́ yín ní Olómi-Ọ̀rá. Ẹ jẹ́ kí n lé èyí náà fún yín nígbà tí ohùn ṣì wà, kí ẹ gbè é, kí obìnrin yìí lè gbọ́: Matthias.