Bàbá Ìyàwó Mi Búra Pé Èmi Lọkọ Ọmọ Wọn

Ẹ bá mi gbé Jésù ga, ẹ̀yin ará! Ẹ gbé e ga sí i! Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti wà nínú ìjọ yìí, mi ò dúró síwájú báyìí rí, torí ojú máa ń tì mí. Àmọ́ tí n bá dákẹ́ lónìí, aláìmoore ni mí.

Ẹ mọ̀ mí, èmi ni Brother Gbénga tó ń ta páàtì mọ́tò l'Ówódé Onírin. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, Sister Rukayat. Ó ríṣẹ́ sílùú òyìnbó lọ́dún méjì sẹ́yìn. Àdéhùn wa ni pé tó bá ti fìdí múlẹ̀, èmi àtàwọn ọmọ wa méjèèjì á lọ bá a.

A kó ìwé físà sílẹ̀ ní ẹ́ńbásì, a fi fọ́tò ìdána wa sí i. Wọ́n dá a padà! Wọ́n ní àwọn ò rí ohun tó fi hàn pé ìgbéyàwó wa bófin mu. Yéè! Obìnrin tí mo fẹ́ láti ọdún mẹ́rìnlá, tó bímọ méjì fún mi! Ìyàwó mi ń sunkún lórí fóònù, èmi náà ń sunkún ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan lọ́jà tiẹ̀ ń sọ pé ó ti rí òyìnbó fẹ́ ni, pé òun gan-an ló ní kí wọ́n má fún mi ní físà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun.

Lọ́yà tá a lọ bá ní Gbàgádà ní kò tíì bà jẹ́. Ó ní ìgbéyàwó ìbílẹ̀ náà ìgbéyàwó ni, àmọ́ kí bàbá ìyàwó lọ búra ní kóòtù pé àwọn fa ọmọ àwọn fún mi, ká wá lọ fi orúkọ ìgbéyàwó wa sílẹ̀ ní lókà gọ́fúmẹ́ǹtì.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ọmọ onílẹ̀ n'Ìkòsí ni bàbá ìyàwó mi, Alhaji làwa ń pè wọ́n. Wọn ò fẹ́ kí ọmọ wọn fẹ́ onígbàgbọ́, pàápàá èmi tí mo ti Ìjẹ̀bú wá lọ́wọ́ òfo. Àbúrò wọn ló gba ìdána lọ́wọ́ wa, ó sì ti dolóògbé. Alhaji fúnra wọn ò yọjú rárá. Láti ọjọ́ náà, mi ò dé ilé wọn. Mo gbéra ga, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́.

Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí Ọlọ́run bá mi wá ọ̀nà mìíràn. Kò wá. Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ sí mi lọ́kàn ni pé, "Lọ dọ̀bálẹ̀."

Mo lọ láàárọ̀ Sátidé. Mo bá Alhaji ní bàráńdà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọdún mẹ́rìnlá," wọ́n ní. "Ìwé lo wá gbà, àbí?"

Mo fẹ́ purọ́. Ẹnu mi kọ̀. "Ìwé náà ni, sà. Ojú sì ń tì mí pé ìwé ló gbé mi wá. Ẹ dárí jì mí."

Àfi bí wọ́n ṣe béèrè pé, "Ta ló ń se oúnjẹ fáwọn ọmọ látìgbà tí ìyá wọn ti lọ?"

"Èmi ni, sà."

"Kí lò ń sè?"

"Ìrẹsì, sà. Ẹ̀wà. Ẹ̀bà. Ìrẹsì."

Ha! Alhaji bú sẹ́rìn-ín. "O ti ka ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì! Dìde ńlẹ̀, jàre." Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Èmi náà ṣe àṣejù. Ọmọ mi á pè mí, mi ò ní gbé e."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ti ṣáájú mi dé kóòtù. Wọ́n fi Kùránì búra. Akọ̀wé ní, "Bàbá, ẹ mọ ọkùnrin yìí?"

Wọ́n ní, "Ọkọ ọmọ mi ni. Èmi ni mo fún un."

Ẹ̀yin ará, látọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń pè é níyàwó, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo gbéyàwó!

A forúkọ sílẹ̀ ní lókà, a tún kó ìwé lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, físà jáde! Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Halelúyà!

Alhaji ló gbé wa wá láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn ò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì o. Wọ́n wà nínú mọ́tò níta, àwọn àtàwọn ọmọ, wọ́n sì ní kí n má sọ̀rọ̀ jù. Torí náà, ẹ dìde, ẹ bá mi fi orin ayọ̀ kan fògo fún Ọlọ́run. Ẹ kọ ọ́ sókè dáadáa, kí Alhaji lè gbọ́ ọ níta!