Òróró tí mo fi pa bíréèkì ọ̀kadà ọmọ mi

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí n lè gbàdúrà dáadáa mọ́. N kò mọ̀wé, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé Múfú mẹkáníìkì ti ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ ní Ajah, èmi ni mo sì fà á.

Kọ́lá ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìbẹ̀jú, ọ̀kadà ló máa ń gùn lọ. Nígbà tí epo wọ́n, ó ní kí Múfú ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá òun yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kúrò, kó sọ ọ́ di oníbátìrì. Ọ̀rọ̀ wá kan bíréèkì. Kọ́lá fẹ́ kí wọ́n fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, èyí tó fara pamọ́ sínú àárín táyà. Múfú ní rárá.

"Bátìrì yìí wúwo," ó ní. "Ẹ́ńjìnnì epo máa ń fà ẹ́ sẹ́yìn tó o bá ti dẹwọ́. Eléyìí ò ní fà, á kàn máa yí lọ ni. Bíréèkì dísìkì la máa lò níwájú."

Èmi náà dá sí i. Mo bi í pé ṣé àwo irin pẹlẹbẹ tó wà níta gbangba yìí ló máa dá ọmọ mi dúró? Múfú rẹ́rìn-ín. "Ìyá, àbí ẹ fẹ́ kó máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ ni?"

Wọ́n fi dísìkì sí i. Ó ń mú, mo fojú mi rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà tí kì í dún yẹn ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jọ̀ọ́, ìjọ aláṣọ funfun ni wá, ohun tuntun kì í wọlé wa ká má yà á sí mímọ́. Kọ́lá sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ kọ́kọ́ gùn ún lọ síbi iṣẹ́, bó ṣe ń wẹ̀ lọ́wọ́, mo mú òróró àdúrà. Mo fi pa ọwọ́ ọ̀kadà, mo fi pa ìjókòó. Nígbà tí mo dé ibi dísìkì, níbi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù, mo da púpọ̀ sí i. Mo fọwọ́ pa á yíká.

Kò tíì jìnnà tí wọ́n fi pè wá. Ó tẹ bíréèkì, kò mú. Ó lọ kọlu ẹ̀yìn tírélà tó dúró. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kán, ó ń tiro títí dòní.

Múfú yẹ ọ̀kadà náà wò lójú wa. "Ọ́ìlì wà lára dísìkì yìí. Tí ọ́ìlì bá ti kàn án, kò lè mú mọ́. Ta ló fọwọ́ kàn án?"

Kọ́lá ní, "Ọwọ́ ẹ náà ni, ọwọ́ tó o fi ń tú ẹ́ńjìnnì."

Múfú kọjú sí mi. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ wà nílé. Ṣé ẹ rí ẹnì kankan níbẹ̀?"

Mo ní n kò rí ẹnì kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹnu mi kò gbà á ni. Kọ́lá wá ń sọ fún gbogbo ayé pé Múfú ló ba ẹsẹ̀ òun jẹ́, àwọn èèyàn ò gbé ọ̀kadà wá fún un mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Múfú wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. "Ìyá, ẹ bá mi bẹ Kọ́lá. Ó lè jẹ́ ọwọ́ mi lóòótọ́." Mo gbé e dìde, mo ní màá bá a bẹ̀ ẹ́.

Tí mo bá jẹ́wọ́, Kọ́lá lè kó jáde nílé mi. Tí n kò bá jẹ́wọ́, Múfú á lọ, á sì máa bẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀ nídìí iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, nínú àwọn méjèèjì, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún?