Ẹ̀rọ Tí Kò Ní Pariwo

Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ ìgékoríko ní Warri, mo gbọ́ tí bàbá àgbàlagbà kan ń bá ìyá tó ni ọjà sọ̀rọ̀ ní Yorùbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú eléńjìnnì. Òjò ibí kì í jẹ́ kí koríko sinmi."

"Èyí tí a ń fọwọ́ tì ni mo fẹ́."

"Ó máa rẹ̀ yín o."

"Kó rẹ̀ mí. Abẹ́ koríko yẹn ni mo sin ìyàwó mi sí. Àìsàn tó pa á kò jẹ́ kó rí oorun sùn. Mi ò fẹ́ pariwo lé e lórí."

Ìyá náà gbé èyí tí a ń fọwọ́ tì wá. 

"Ẹ máa pọ́n abẹ rẹ̀ dáadáa, bàbá, kó má baà hú koríko kúrò lórí wọn."