Bísíríyù Tó Fi Ààwẹ̀ Bo Àtọ̀gbẹ Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa bọ̀. Ẹ fi ẹnu ọ̀nà yẹn sílẹ̀, ẹ súnmọ́ mi níbí, kí orúnkún yín kan tèmi. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fún wọn láyè lórí ẹní. Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá gbogbo wa gbé. Inú ìyá àgbà yín dùn lónìí, ẹ wo bí alásàlátù ti pọ̀ tó! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ẹni tó bá ń ta ọjà, kó fi àbùkù ọjà náà han ẹni tó fẹ́ rà á. Ṣé ẹ gbọ́? Kódà bó bá jẹ́ ara rẹ gan-an lọjà.

Ẹ ní ta ni í gbé ara rẹ̀ tà? Ẹ má rẹ́rìn-ín, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Bísíríyù ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Tìmùtìmù ló ń fi òwú kì tà, ní ìlú kan lódìkejì odò Ọbà. Ọ̀pọ̀ ìyàwó tuntun ìlú yẹn, orí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Àmọ́ àtọ̀gbẹ wà lára rẹ̀. Dókítà ti ní kó má gbààwẹ̀, kó máa bọ́ aláìní dípò rẹ̀. Ṣé Ọlọ́hun kò ti yọ̀ǹda fún aláìsàn ni? Ó ti yọ̀ǹda! Ọba Aláàánú ò fẹ́ ìnira fún wa.

Sílífá, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, wá sọ fún un nípa àwọn adójútòfò ìlera. Owó táṣẹ́rẹ́ lèèyàn ń dá lóṣooṣù. Ọjọ́ tí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀, àwọn ni yóò san owó ilé ìwòsàn. Àmọ́ wọn kì í gba èèyàn lójú dídì o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ewúrẹ́, ṣé ẹ kì í la ẹnu rẹ̀ wo eyín? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yẹ èèyàn wò. Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́? Ṣé ò ń mu sìgá? Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ rí? Àìsàn wo ló wà nídìí ìran yín? Wọn á wọ̀n ọ́, wọn á wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ ṣe ń ru, wọn á yẹ ìtọ̀ rẹ wò. Ìgbà náà ni wọn á tó mọ̀ bóyá kí wọ́n gbà ọ́ bẹ́ẹ̀, tàbí kí wọ́n ní kó o fi díẹ̀ lé e, tàbí kí wọ́n ní àìsàn tó ti wà lára rẹ tẹ́lẹ̀, àwọn ò tíì ní dá sí i. Wọ́n sì lè ní àwọn ò ṣe rárá.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló lé oorun lójú Bísíríyù. Àtọ̀gbẹ ló mú ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ jẹrà kó tó kú, Bísíríyù ló sì ń fọ̀ ọ́. Ó ní, "Bí wọ́n bá lé mi, tí tèmi bá bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò gbà mí?"

Wùlẹ́mọ́tù ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Sílífá, ẹ sọ òótọ́ fún wọn."

"Òótọ́ wo? Ṣé wọ́n kọ àtọ̀gbẹ sí mi níwájú orí ni?"

"Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, àmọ́ ó wà nínú ìtọ̀ yín."

"Pa ẹnu rẹ mọ́! Bí o bá fi lè sọ̀rọ̀ lójú wọn, má fojú kàn mí mọ́ nínú ilé yìí."

Inú oṣù ààwẹ̀ ni àwọn adójútòfò dé láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wá wo ọgbọ́n tí ṣàìtáánì kọ́ ọ! Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó gbé oògùn rẹ̀ mì ní ìlọ́po méjì, kí ṣúgà má bàa hàn nínú ìtọ̀. Kò wá jẹun lé e. Ó fẹ́ kí àwọn àlejò bá òun lẹ́nu ààwẹ̀, kí wọ́n lè gbà pé ara òun le. Sùbúánálláhì! Ààwẹ̀ tí Ọlọ́hun ní kó má gbà, òun ló sọ di aṣọ ìbora fún irọ́.

Àwọn méjì ló wá: Ọ̀gbẹ́ni Oyèésínà tó ń béèrè ọ̀rọ̀, àti Nọ́ọ̀sì Ìbídùn tó ń yẹ ara wò. Wùlẹ́mọ́tù gbé omi wá. Bísíríyù ní, "Ẹ mu tiyín. Èmi ń gbààwẹ̀."

"Ẹ kú ààwẹ̀, bàbá," nọ́ọ̀sì dáhùn. "Ọlọ́run á gbà á."

Oyèésínà ní, "Kí ló pa bàbá yín, sà?"

"Ọlọ́jọ́ ló dé."

"A gbà bẹ́ẹ̀, sà. Kí ló ń ṣe wọ́n kí ọlọ́jọ́ tó dé?"

"Àgbà ni."

"Wọ́n dàgbà tó mélòó?"

"Wọ́n tó ẹni tí ń kú."

Ẹ ń rẹ́rìn-ín! Ta ni nínú yín tó ń dárúkọ àìsàn tó pa bàbá rẹ̀ fún àlejò? Bí gbogbo wa ṣe ń dáhùn nìyẹn.

Wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bísíríyù rẹ́rìn-ín músẹ́. Ni òjò bá dé. Òjò yìí rọ̀ títí odò fi gun orí afárá, àwọn àlejò ò rí ọ̀nà lọ.

Nígbà tó di Aláásárì, ọwọ́ Bísíríyù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òtútù òjò ń mú gbogbo ayé, òun ń làágùn.

"Ṣé kò sí o, sà?" Oyèésínà béèrè.

"Ààwẹ̀ ni. Ààwẹ̀ ni."

Wùlẹ́mọ́tù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá sọ̀rọ̀, ilé ọkọ lè tú, adójútòfò á lọ. Bó bá dákẹ́ ńkọ́? Ìyá, bó bá jẹ́ ìwọ, kí lo máa ṣe? Ó ń lọ, ó ń bọ̀ níbẹ̀, kò lè jókòó, kò lè wọlé. Bísíríyù wá gbójú sókè, ó wo nọ́ọ̀sì, ó ní, "Ìyá mi, ìgbà wo lẹ dé?" Bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́.

Wùlẹ́mọ́tù figbe ta: "Àtọ̀gbẹ ni! Bàbá Sílífá lo oògùn ní ìlọ́po méjì, wọn ò fi nǹkan kan kan ẹnu!"

Nọ́ọ̀sì ní, "Oyin dà? Ṣúgà dà? Ẹ tètè!"

Eyín Bísíríyù ti ń pàdé. Nọ́ọ̀sì fi ìka ra oyin mọ́ ọn nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tún ra á, ó tún ra á. Wùlẹ́mọ́tù ń pe kálímọ̀, ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí ìgbàgbọ́, sí i létí. Oyèésínà di ẹsẹ̀ Bísíríyù mú, òun náà ń pe Ọlọ́run. Ó pẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi, ó pẹ́, kí ojú rẹ̀ tó là.

"Ta ló fún mi ní nǹkan jẹ? Mò ń gbààwẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ní, "Ààwẹ̀ ti lọ, bàbá. Ẹ̀mí ló kù."

Wùlẹ́mọ́tù nu ojú. "Ẹ ní kí n má fojú kàn yín mọ́. Kí n máa di ẹrù mi ni?"

"Jókòó síbẹ̀ jàre. Bu ẹ̀kọ fún mi."

Lẹ́yìn tó jẹun tán ló tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan ti ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan bi í. Oyèésínà mi orí. "Bàbá, ká ní a gbà yín lórí irọ́ yẹn, ọjọ́ tí ẹ bá dùbúlẹ̀ la máa tú ìdí ọ̀rọ̀, a ó sì yọwọ́. Ibi tí ẹ ti nílò wa jù la ti máa já yín sílẹ̀."

Ṣé ẹ rí i? Irọ́ ò dáàbò bo ẹnikẹ́ni, ṣe ló ń sún ọjọ́ tí ọfà máa bà wá síwájú. Ọlọ́hun Ọba, tọ́ wa sọ́nà. Má jẹ́ kí ìbẹ̀rù sọ wá di mùnááfíkì. Fún aláìsàn wa ní ìmúláradá, fún ahọ́n wa ní òótọ́, fi àlùbáríkà sí ilé wa. Àmín, ẹ ṣe é kó dún!

Ẹ̀yin ọmọ ń wò mí, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n gbà á. Bísíríyù náà bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Oyèésínà ní, "Èmi kọ́ ni mo ń pinnu, sà. Màá gbé òótọ́ yín dé Ìbàdàn bí ẹ ṣe sọ ọ́." Ọkàn Bísíríyù ò balẹ̀ rárá. Àwọn àlejò sun ibẹ̀ mọ́jú; lẹ́yìn Àsùbáà, omi fà kúrò lórí afárá. Ó sin àwọn àlejò jáde, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ, bí àwọn tí wọ́n kírun tán ti ń tú jáde ní mọ́ṣáláṣí.

"Bísíríyù! Lóṣù ààwẹ̀?"

"Àtọ̀gbẹ ni," ó dá wọn lóhùn ketekete. "Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́hun."

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń jẹun, títí àwọn àlejò fi gun afárá kọjá.