Agogo Tí Àna Mi Kò Gbà

Má sọ fún mi pé kí n wọlé wá jẹun, Rosina, má sọ ọ́ rárá! Oúnjẹ wo? Ọ̀fun wo ni mo fẹ́ fi gbé e mì? Níwájú Henner Klopp àtàwọn awakẹ̀kẹ́ ẹrù tó kù, tí wọ́n ti nasẹ̀ sídìí iná nínú ilé èrò rẹ, tí wọ́n ń retí kí n yọjú kí wọ́n lè máa wo ara wọn lójú? Ibí ni mo wà. Ilé ẹṣin yìí ni mo máa sùn sí, èmi àtàwọn ẹṣin mi, torí àwọn nìkan ni ò lè fi mí rẹ́rìn-ín. Gbé àtùpà yẹn kúrò lójú mi. Mo ní kó o gbé e kúrò! Àbí o ò rí i pé ojú ń tì mí ni?

Ọkọ rẹ ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, Melchior ọkọ rẹ, òun ló ṣe mí lóhun tí ọ̀tá ò ṣe mí rí. Ó fà mí yọ nínú ẹrẹ̀, ó sì kọ̀, kò gba agogo mi! Wò ó, òun nìyí nínú ẹ̀wù mi, agogo bàbá wa, ó pé, kò dín, kò là. O gbọ́ ná, ṣé ohun tó yẹ kí awakẹ̀kẹ́ tó rì sẹ́rẹ̀ máa gbé wálé nìyẹn?

Jọ̀ọ́, má rẹ́rìn-ín. O ò rẹ́rìn-ín? Mo rò pé o rẹ́rìn-ín ni. Látìgbà tí mo ti rì ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín níbi tí kò sí.

Ṣé o mọ bí ọ̀nà ṣe rí lónìí? Kẹ̀kẹ́ ẹrù mẹ́fà la kó jáde, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, yìnyín orí òkè ti yọ́, òjò tún wá rọ̀ lé e, ọ̀nà wá di ọbẹ̀. Tá a bá gun òkè kan, a ó bọ́ sílẹ̀, a ó máa fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, a ó máa fi òkúta há ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kó má bàa yí padà. Tá a bá dé orí rẹ̀, tá a ní ká mí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a tún burú ju òkè rẹ̀ lọ, a ó fi ṣẹ́ẹ̀nì de ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ẹrù a sì máa ti àwọn ẹṣin lẹ́yìn bí ẹni fẹ́ gùn wọ́n pa. Òkè kan tán, òmíràn dìde. Ta ló wá wà níwájú wa látàárọ̀? Ọkọ rẹ! Àgbẹ̀! Ẹṣin ìtúlẹ̀ mẹ́rin tí wọn ò so agogo kankan mọ́ lára, tí wọ́n ń rìn bí ẹni ń sìnkú lọ. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀, èmi Jost, pẹ̀lú ẹṣin mẹ́fà, pẹ̀lú agogo lórí àwọn tó ṣíwájú, mò ń jẹ ẹrẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń ta sí mi lẹ́nu!

Mo bá a ṣàwàdà. Àwàdà ni o, mo fi Ọlọ́run búra. Mo ní, “Melchior, ṣé àgbàdo lo fẹ́ gbìn sójú ọ̀nà ni, tó o fi ń yẹ ilẹ̀ wò báyìí?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín! Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ ibí tó àgbàdo gbìn lóòótọ́.” Ẹni tó bá ń bínú, kó bínú ká mọ̀. Ẹni tí wọ́n bú tó ń rẹ́rìn-ín, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀? A tún gun òkè kejì, mo ní bóyá adìyẹ ló ń fà á, a sọ̀ kalẹ̀, mo ní ó yẹ kó bọ́ sílẹ̀ kó máa rìn níwájú kí àwọn ẹṣin lè rí ẹni tó yá ju wọ́n lọ. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀ ni.

Nígbà tá a wá dé Òkè Sideling, tá a sọ̀ ọ́ tán, mo rí èéfín ilé èrò rẹ yìí lókèèrè. Èéfín ilé àbúrò mi! Ó wá dà bíi kí n fò. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ẹni tí agogo rẹ̀ bá kọ́kọ́ wọ àgbàlá ló ń jókòó sídìí iná, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù fún. Ṣé kí n wá tẹ̀ lé ẹni tí ò ní agogo wọlé ni? Kí gbogbo ọ̀nà láti Lancaster dé Pittsburgh máa wí pé àgbẹ̀ ló ṣíwájú Jost wọlé? Mo wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lápá òsì, mo rí koríko, ó tútù yọ̀yọ̀, ó tẹ́jú. Mo bá yà.

Ta ló mọ̀ pé omi ló wà lábẹ́ rẹ̀? Hẹn-ẹn, mo mọ̀ pé o máa sọ bẹ́ẹ̀. Melchior mọ̀. Ó yíjú padà, ó ń pariwo, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbabẹ̀ o! Ẹ dúró! Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀!” Mo rò pé ìlara ló ń ṣe é. Mo fẹ́ lu ẹṣin kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó gbọ́ bí agogo ṣe ń dún.

Yéè! Rosina, a ò tíì rìn dé iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí ilẹ̀ fi yanu. Kẹ̀kẹ́ mi jókòó. Ó jókòó bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin! Ẹrẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé àárín, iyọ̀ àtàwọn àwo inú rẹ̀ fì sápá kan, mo gbọ́ bí àwọn àwo ṣe ń fọ́. Mo bọ́ sílẹ̀, mo tì í, mo gbé igi sí i lábẹ́, mo bẹ àwọn ẹṣin, mo bú wọn, wọ́n fà á títí Schimmel tó ṣíwájú wọn fi kúnlẹ̀ sínú omi. Mo sì nà án. Mi ò na ẹṣin yẹn rí láti ọjọ́ tí mo ti rà á, ìwọ náà mọ̀, orí ìkúnlẹ̀ ló wà tí mo fi nà án. Ó yíjú wò mí. Èyí tiẹ̀ tó kí n má jẹun lálẹ́ yìí.

Gbogbo wọn dúró lórí ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, ẹni gbogbo ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé èmi ni? Ṣé níwájú Henner? Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ ti tú ẹṣin ìtúlẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kó wọn wọ inú ẹrẹ̀, ó so wọ́n mọ́ iwájú tèmi, kò na ìkankan, kò pariwo, ó kàn ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n fà á. Wọ́n sì fà mí jáde!

Ó dáa. Mo ti rì. Ta ni ò rì rí? Òfin ọ̀nà wa ò nira: ẹni tó bá fà ọ́ yọ, agogo rẹ di tirẹ̀. Mo tú u lórí Schimmel àti lórí èkejì rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, níṣojú gbogbo wọn. Mi ò sọkún. Mo mú un lọ bá a, mo nawọ́ rẹ̀ sí i, mo tiẹ̀ ti ń ro ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ, pé, “Gbà, o ṣe bí ọkùnrin.” Mo fẹ́ sọ ọ́ o! Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Mo rò pé ó fẹ́ gbà á ni. Ó wá ní, “Rárá o, ẹ̀gbọ́n, ẹ so ó padà sórí ẹṣin. Kí lèmi fẹ́ fi agogo ṣe? Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ọbẹ̀ ń tutù.”

Ọbẹ̀ ń tutù! Rosina! Ọbẹ̀!

Bí ẹni bá gba agogo rẹ, kì í ṣe pé ó pa ọ́. Henner tó ń jẹun níbẹ̀ yẹn, wọ́n ti gba tirẹ̀ rí. Wàá máa ṣọ́ ẹni tó gbà á lọ́nà, lọ́jọ́ tí òun náà bá rì, wàá fà á yọ, wàá gba tìẹ padà, ẹ ó jọ mutí lé e lórí. Ṣùgbọ́n èyí tí wọn ò gbà, ọ̀nà wo lèèyàn ń gbà á padà? Sọ fún mi! Ṣé kí n so ó padà sórí ẹṣin, kí n máa dún gbàngàn-gbàngàn wọ àgbàlá, níṣojú àwọn tó rí mi nínú ẹrẹ̀? Ojú mi ò tíì kú tó bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n jù ú sódò ni? Agogo bàbá wa? Mo bá dì í sínú ẹ̀wù. Àwọn ẹṣin ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe máa rìn mọ́, Schimmel á rìn díẹ̀, á dúró, á máa wẹ̀yìn pé ta ló pa ohùn òun.

A sì dé ẹnubodè. Ìyá oníbodè jáde, ó ní, “Jost, agogo rẹ dà? Ta ló gbà á?” Mo ní kò sẹ́ni tó gbà á. Ó ní, “Ó tì o, o tà á ni?” Ibi tí mo ti ń kálòlò ni ẹṣin ti ta ẹsẹ̀, agogo wá dún lábẹ́ ẹ̀wù mi. Ìyá náà gbọ́. Áà! Ó wò mí bí ẹni rí olè. O mọ ohun tí wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n fà yọ tó wá fi agogo pamọ́? Ilẹ̀ ọ̀la ò ní tíì ṣú tí gbogbo ẹnubodè á ti gbọ́ ọ. Ká ní ilẹ̀ lanu níbẹ̀ tó gbé mi mì ni, ì bá dùn mọ́ mi. Ikú yá ju ẹ̀sín!

Èyí tó wá dùn mí jù, ìwọ lo ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ. A wọ àgbàlá, o jáde síta, o nu ọwọ́ sí aṣọ ìdáná, o kí ọkọ rẹ, o kí Henner, o wá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi dà? Ṣé kò bá yín bọ̀ ni?” Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin mi níbẹ̀ yẹn! Tí mo bá nawọ́, ọwọ́ mi á kàn ọ́. Tí mo bá ṣì wà lókè ibẹ̀ yẹn lo ti máa ń gbọ́ agogo mi, wàá ti bu ọbẹ̀ kí n tó bọ́ sílẹ̀. Lónìí o ò mọ̀ pé mo ti dé. Àbúrò mi tí a jọ mu ọmú kan náà ń béèrè mi níṣojú mi.

Má sunkún. Mi ò ní kó o sunkún. Ọkọ rẹ ni mò ń bá wí, ẹni tó...

Kí lo wí?

Tún un sọ. Ìwọ? Ìwọ lo bẹ̀ ẹ́? Nígbà wo? Níbi tí ẹ ti ń jẹun nílé yín, ẹ jókòó, o wá sọ fún ọkọ rẹ pé bó bá di ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá rì, kó jọ̀ọ́, kó má gba agogo lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé ti bàbá wa ni? “Ọjọ́ tó bá rì”? Họ́wù! O ti rí i sílẹ̀ pé mo máa rì? Ìwọ pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, o ti wọ̀n mí, o ti rí i pé mi ò tó bàbá wa?

O ní à ń gba òròmọdìyẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ ààtàn jẹ̀? Èmi lòròmọdìyẹ! Ẹ gbà mí o!

Òun náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ. Àgbẹ̀ yẹn. Mo bú u láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó mọ̀ pé òun ti ṣèlérí láti ṣàánú mi, kò sì sọ ọ́. Ó jẹ́ kí n máa wí. Olúwa ò, kí ni mo wá fẹ́ fi ojú mi ṣe?

Rárá, gbọ́ mi. Gbọ́ mi dáadáa. Bàbá wa ò ṣe agogo fún aláàánú. Ó so ó mọ́ ẹṣin rẹ̀ lọ́nà, ká ní ó rì ni, ì bá fi í lé ẹni tó fà á yọ lọ́wọ́. Kò rì ni. Èmi rì. Ohun tó jẹ́ ti ẹni tó rì ni mò ń béèrè, wọn ò sì lè fi àánú dù mí. Dìde. Gbà á. Mo ní kó o gbà á! Kó má wọ ẹ̀wù kankan mọ́, má fọwọ́ dì í lẹ́nu. Gba àárín wọn kọjá, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí iná, kó o gbé e lé ọkọ rẹ lórí itan, kó o ní Jost ní kó gbà á, kó o sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá so ó mọ́ màlúù, kó so ó. Bó bá gbé e kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, kó gbé e kọ́. Kí n ṣáà lè máa ṣọ́ ọ lọ́nà láti ọ̀la lọ, kí n máa gbàdúrà pé kó rì.

Èmi? Mò ń bọ̀. Ìwọ máa lọ níwájú, mo wà lẹ́yìn rẹ. Kí lo tún ń dúró ṣe? Mì í, Rosina. Mì í dáadáa, jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé mo ti dé!