Fíìmù Ni, Mo Sì Mọ̀

Ọ̀rọ̀ tí Fàtíù ti gbé mì láti ọdún méjì ló fẹ́ pọ̀ jáde lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ náà, kò sì sí ohun tó lè dá a dúró mọ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó, ó na ẹsẹ̀ tí dókítà fi P.O.P. dì sórí àpótí. Abọ́ ìrẹsì tí Àǹtí Ọláṣùmbọ̀ gbé wá fún un wà lórí itan rẹ̀, kò tíì fọwọ́ kàn án. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí obìnrin náà ti ń gbé oúnjẹ wá láti Àjàh, láti ìgbà tó ti gbọ́ pé Fàtíù já bọ́ láti orí pákó níbi tó ti ń lẹ táìsì nínú ilé kan lọ́nà Free Zone. Ìgbàkígbà tó bá wá, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àtijọ́ dà ẹ́ láàmú. Wọ́n tan ìwọ náà jẹ ni. O ò mọ̀." Ìtùnú yìí ń dun Fàtíù ju egungun tó ṣẹ́ lọ.

"Àǹtí mi," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Mo mọ̀."

"Kí lo mọ̀?"

"Pé fíìmù ni. Lọ́jọ́ tí ẹ wá bá mi, mo ti mọ̀."

Ní ọdún méjì sẹ́yìn tí à ń sọ yìí, gbogbo Ṣàngótẹ̀dó ló mọ Fàtíù, kì í sì í ṣe nítorí táìsì. Bó bá ti ṣíwọ́, á gbé fóònù síwájú, á máa bá àwọn èèyàn sọ èrò rẹ̀ lórí ayélujára nípa àwọn fíìmù ẹ̀rù tí wọn ò náwó lé, àwọn tí wọ́n fi kámẹ́rà ọwọ́ yà, tí àwòrán ń mì, tí wọ́n á ní inú igbó tàbí inú ilé ahoro ni wọ́n ti he é. Ó fẹ́ràn wọn dénú. "Olówó á gbé iwin oníwo mẹ́ta wá," á ní, "ẹ ó sì rí ibi tí ọ̀dà ti ń ṣí lójú ẹ̀. Ẹni tí ò lówó ò ní iwin kankan. Ilẹ̀kùn lásán ló máa yà, á jẹ́ kó ṣí díẹ̀, á sì fi yín sílẹ̀. Ọkàn yín fúnra ẹ̀ ló máa parí iṣẹ́ tó kù." Ó máa ń bú wọn náà: kí ló dé tí ẹni tí òkú ń lé ò lè ju kámẹ́rà nù kó sá? Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà pé kò sí ayédèrú tó lè gba iwájú Fàtíù kọjá.

Lọ́jọ́ kan, fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin kan gba orí fóònù gbogbo èèyàn. Wọ́n ní inú fóònù tí ẹnìkan he nínú ilé alájà mẹ́rin tí wọn ò tíì kọ́ tán lẹ́yìn ọjà ni wọ́n ti rí i. Ìdájí ni. Ẹni tó ń yà á ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń gun àtẹ̀gùn. Obìnrin kan dúró ní àjà kẹta, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Nígbà tó yíjú padà, kò ṣe nǹkan kan, ó kàn ń wò ni. Ibẹ̀ ni fídíò parí sí. Àyà Fàtíù já. Ó sọ fún gbogbo ayé pé, "Èyí kì í ṣe fíìmù. Mo ti wo irú ẹ̀ tó igba. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú ṣeré báyìí." Tinútinú ló fi sọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn.

Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti dá ojú náà mọ̀. Ọláṣùmbọ̀ ni, opó tó ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn bíríkìlà nídìí ilé ọ̀hún. Wọ́n ní àjẹ́ ni, pé òun ló ti òṣìṣẹ́ kan tó já látorí ilé náà lọ́dún tó kọjá. Ó ń pariwo pé Ọdúnjọ, ọ̀gbẹ́ni tó ń kun ọ̀dà ní sáìtì, ló ní kí òun wá ṣeré nínú fíìmù tí ọ̀gbẹ́ni náà ń yà. Wọn ò gbọ́. Ọdúnjọ fúnra rẹ̀ yọ́ wá bá Fàtíù, ó fi odindi fídíò náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Níparí rẹ̀, ní apá tí Ọdúnjọ gé kúrò nínú èyí tó tàn kálẹ̀ kí ó lè dà bí òtítọ́, Ọláṣùmbọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé mo ṣe é dáadáa?"

"Ọ̀gá, ẹ bá mi sọ fún wọn," Ọdúnjọ bẹ̀ ẹ́. "Tí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á lù mí pa. Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́ tiyín."

Fàtíù wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì. Láàárín ọjọ́ méjì yẹn, àwọn tó ń gbọ́ ọ ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ó ní, "Máa lọ sílé yín ná. Wọ́n á gbàgbé." Ọdúnjọ wọkọ̀ Ìbàdàn.

"Ọjọ́ kejì ẹ̀ lẹ wá," Fàtíù ń wí fún obìnrin náà báyìí, kò gbójú sókè. "Èrò tẹ̀ lé yín. Ẹ ní, 'Fàtíù, ìwọ lo mọ fíìmù. Bá mi sọ fún wọn pé eré ni.' Ẹ̀rín yín wà nínú àpò mi, Àǹtí. Bí mo bá fa fóònù yọ, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń wò mí bí ọ̀mọ̀wé. Ojú tì mí pé kí wọ́n gbọ́ pé onírẹsì ló tàn mí jẹ. Mo ní, 'Èmi ò mọ̀ o. Ohun tí mo rí ò jọ eré.' Ẹnìkan dáhùn pé, 'Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀.' Ìgbà yẹn ni wọ́n lọ da ìkòkò yín nù, tí ọbẹ̀ gbígbóná fi bó yín lápá, tí ẹ fi kó lọ sí Àjàh. Mo ń gbọ́ igbe yín láti inú yàrá yìí. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́: mo tilẹ̀kùn, mo gbé ohùn fóònù sókè kí n má baà gbọ́."

Ọláṣùmbọ̀ ò sunkún. Ó ń fi àtàǹpàkò pa àpá rẹ̀ lọ, pa á bọ̀. 

"Gbogbo wọn ni mo ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́," ó ní. "Ìwọ nìkan ni mò ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ mi pé kò mọ̀."

Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ. Kò padà wá mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Fàtíù gbé fóònù síwájú bí ó ti ń ṣe látijọ́. Ó fi odindi fídíò náà hàn, ó sì sọ gbogbo ohun tó ṣe láìfi ọ̀kan pa mọ́. "Ẹ̀yin ọ̀dọ́," ó ní, "ẹni tó bá ṣìṣe lójú ọjà, kó yáa tún un ṣe lójú ọjà, kó má dúró de ọjọ́ tí ojú ò ní tì í. Èmi dúró dè é, kò dé. Obìnrin yìí mọ eré ṣe ju gbogbo àwọn tí mo ti yìn fún yín lọ, ohun tó yẹ kí n sọ nìyẹn, kí ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ da ìkòkò ẹ̀ nù, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Èmi ni n ó ṣíwájú." Wọ́n bú u bí ẹni láyin. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ìjẹ́wọ́ náà gan-an fíìmù ni.

Lọ́jọ́ Ajé, ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọ́ ara rẹ̀ dé ibi tí Ọláṣùmbọ̀ ti ń tajà létí títì l'Ájàh. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbà fún un. Ó sorí kọ́ síbẹ̀. Obìnrin náà bu oúnjẹ fún èèyàn mẹ́rin kó tó wò ó.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́, Fàtíù."

"Mo mọ̀, mà."

"N ò sì mọ ọjọ́ tí n ó dárí jì ẹ́."

Fàtíù mi orí. Ọláṣùmbọ̀ fẹsẹ̀ ti bẹ́ǹṣì kan sún mọ́ ọn.

"Jókòó," ó ní. "Má fi ẹsẹ̀ yẹn dúró."