Búrẹ́dì Tí Màmá Rẹ̀ Máa Ń Yan

Níbi tí a ti ń dúró de búrẹ́dì gbígbóná ní Ajah, mo gbọ́ tí ìyá àgbà kan ń bi obìnrin tó wà níwájú wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ búrẹ́dì oní-sàdíìnì pọ̀, tí wọ́n ń yan án nílé.

"Ẹ gbé e sínú páànù tí ẹ fi ń dín ẹyin, Mà, kí ẹ gbé ìkòkò tó wúwo lé e lórí."

"Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ ra tósítà oníná."

"Kò wá dáa ni?"

"Ó dáa. Ọmọbìnrin mi tó kú ló máa ń ṣe é fún ọmọ rẹ̀ láràárọ̀. Lánàá, ọmọ náà rọra ti àwo sọ́dọ̀ mi, ó ní, 'Màmá Àgbà, ẹ má ṣe é mọ́.'"



Síbẹ̀, nígbà tó kàn wọ́n, ìyá náà ra búrẹ́dì.